Èéfín inú ife: bí wọ́n ṣe ń pọn ọtí Schlenkerla ní Bamberg

Ẹni tó bá gbé bíà Schlenkerla sún mọ́ imú fún ìgbà àkọ́kọ́ lè wò yíká bóyá ẹnì kan ń yan ẹja nítòsí. Inú ife gan-an ni òórùn náà ti ń wá. Ọtí náà dúdú, ó ń pọ́n díẹ̀ bí wọ́n bá gbé e sí ìmọ́lẹ̀, èéfín sì ni ahọ́n ń bá pàdé kó tó mọ̀ bóyá ó korò tàbí ó dùn. Ìlú Bamberg, ní àríwá ìpínlẹ̀ Bavaria lórílẹ̀-èdè Jámánì, ni wọ́n ti ń pọn ọ́n. Rauchbier ni wọ́n ń pè é lédè wọn, ìyẹn bíà eléèéfín.

Àlejò máa ń rò pé wọ́n bu nǹkan sí i ni. Kò sóhun tí wọ́n bù sí i. Èéfín ti wọ inú ọkà kí wọ́n tó gbé ìkòkò ọtí kaná rárá, nígbà tí wọ́n ń gbẹ ọkà náà lọ́wọ́.

Ọkà gbígbẹ lásán ò lè di bíà. Sítáàṣì ló kún inú hóró rẹ̀, ìwúkàrà tó ń sọ nǹkan di ọtí ò sì lè jẹ sítáàṣì. Ṣúgà ni oúnjẹ tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rẹ ọkà báálì sómi, tí wọ́n á gbé e kúrò nínú omi tó bá ti yó, tí wọ́n á sì máa yí i láti òkè délẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan títí yóò fi yọ èèhù. Ẹni tó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣe ọtí bàbà tàbí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ mọ ọgbọ́n yìí dáadáa. Bí ọkà ṣe ń hù ni àwọn èròjà tó lè sọ sítáàṣì di ṣúgà ń jáde nínú rẹ̀. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, èèhù náà yóò jẹ gbogbo rẹ̀ tán fúnra rẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ dá a dúró ní àsìkò tó yẹ, gbígbẹ ló sì ń dá a dúró. Obìnrin tó ń ṣe ọtí bàbà á sá tirẹ̀ sóòrùn, ó parí. Oòrùn Bamberg ò ṣeé gbójú lé bẹ́ẹ̀. Iná ni wọ́n ń dá.

Ààrò tí wọ́n fi ń gbẹ ọkà náà kò yàtọ̀ púpọ̀ sí èyí tí wọ́n fi ń yan ẹja. Iná wà nísàlẹ̀; ọkà tútù wà lókè, wọ́n tẹ́ ẹ sórí irin oníhò. Ooru àti èéfín jọ ń gba àárín ọkà kọjá ni. Torí pé èéfín máa ń lẹ̀ mọ́ ohun tútù ju ohun gbígbẹ lọ, ìbẹ̀rẹ̀ ni ọkà ń fa èyí tó pọ̀ jù mu. Igi beech ni wọ́n ń kó sí ìdí ààrò náà, igi líle tí kò lóje. Bí wọ́n bá fi igi páìnì olóje dáná síbẹ̀, ọkà náà bà jẹ́ nìyẹn. Fún ọtí Kérésìmesì wọn, èyí tó le tó ìdá 8 nínú 100, igi oak ni wọ́n fi ń gbẹ ọkà, èéfín tirẹ̀ sì rọ̀ lẹ́nu ju ti beech lọ.

Láyé àtijọ́, kò sí ohun àrà nínú èyí. Níbikíbi tí wọ́n bá ti ń fi iná igi gbẹ ọkà ọtí nílẹ̀ Yúróòpù, bíà ibẹ̀ á lóòórùn èéfín, bó pọ̀ bó kéré. Ní 1635, ní England, Nicholas Halse gba ìwé àṣẹ lórí ààrò tí ooru nìkan ń kan ọkà, tí èéfín ń bá ibòmíràn jáde. Bí irú ààrò bẹ́ẹ̀ ṣe ń tàn kálẹ̀ títí di ọ̀rúndún 19, tí èédú sì ń gba ipò igi, bíà bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́, ó ń pọ́n bí wúrà, adùn èéfín sì pòórá. Ilé ìpọntí méjì ní Bamberg ni kò yí ọwọ́ padà: Schlenkerla, àti Spezial tó wà lódìkejì odò. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ọtí wọn ṣàjèjì, ọtí tòde òní ló ti mọ́ ọn lára.

Ilé Schlenkerla fúnra rẹ̀ ti wà nínú àkọsílẹ̀ láti 1405. Ilé Kìnnìún Búlúù lorúkọ rẹ̀ nígbà náà. Ní 1767 ó bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan tó ń jẹ́ Heller, orúkọ rẹ̀ sì ni ilé ìpọntí náà ṣì ń jẹ́ lábẹ́ òfin di òní. Ṣùgbọ́n ta ló ń pè é ní Heller? Ìnagijẹ ti borí. Wọ́n ní Andreas Graser, ọ̀kan nínú àwọn tó ni ín lẹ́yìn náà, máa ń ju apá sókè sódò bó bá ń rìn, ìrìn rẹ̀ kì í sì í gún. Èdè àdúgbò náà ní ọ̀rọ̀ fún irú ìrìn bẹ́ẹ̀, schlenkern, ni wọ́n bá ń pe ọkùnrin náà àti ilé ọtí rẹ̀ ní Schlenkerla. Ìdílé Trum ló ń darí rẹ̀ báyìí.

Òfin bíà tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ Bavaria ni ti 1516, tó ní ọkà báálì, hops (òdòdó tó ń mú bíà korò) àti omi nìkan ni kí wọ́n máa lò. Bíṣọ́ọ̀bù Heinrich Groß von Trockau, tó ń ṣàkóso Bamberg, ti ṣe irú òfin yẹn fún ìlú tirẹ̀ ní 1489. Bamberg kò tíì sí lábẹ́ Bavaria rárá nígbà náà, àwọn ará ìlú ò sì gbàgbé. Èéfín kò rú èyíkéyìí nínú òfin méjèèjì, torí inú ọkà ló wà.

Lẹ́yìn ààrò, iṣẹ́ tó kù kò yàtọ̀ sí ti ilé ìpọntí mìíràn: wọ́n á lọ ọkà náà, wọ́n á pò ó mọ́ omi gbígbóná kí sítáàṣì lè di ṣúgà, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á sè é pẹ̀lú hops, wọ́n á jẹ́ kó tutù kí wọ́n tó fi ìwúkàrà sí i. Irú ìwúkàrà tó ń ṣiṣẹ́ nínú òtútù ni. Ìgbà tó bá kan kí ọtí sinmi, wọ́n á gbé e lọ sínú ihò tí wọ́n gbẹ́ sábẹ́ òkè Stephansberg láyé àtijọ́, nínú òkúta oníyanrìn, níbi tí ooru ìta kì í dé. Àgbá onígi ni wọ́n sì fi ń tà á nílé ọtí wọn. Wọ́n á fi òòlù gbá ẹ̀rọ wọ ẹnu àgbá, ọtí á máa ṣàn jáde fúnra rẹ̀ láìsí afẹ́fẹ́ tó ń tì í.

Wọ́n tún ń pọn bíà kan tó funfun, Helles, tí wọn kì í fi hóró ọkà eléèéfín kankan sí. Ìkòkò kan náà ni wọ́n fi ń sè é, ìwúkàrà tó ti ṣiṣẹ́ nínú ọtí eléèéfín náà ni wọ́n ń fi sí i. Ẹni tó bá mu ún yóò ṣì gbọ́ òórùn èéfín díẹ̀díẹ̀.