Wọn kì í jà, síbẹ̀ wọ́n tú ká

Ọ̀rọ̀ kan gba Ìtòkú kan lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àwọn aládìrẹ márùn-ún tó ń lo ṣọ́ọ̀bù kan ní Kẹ́mta, l'Abẹ́òkúta níbí, pín gààrí lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Aṣọ ẹbí tí wọ́n ti gbowó rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, wọn ò tíì rẹ ẹ́. Ohun tó ń ya gbogbo ènìyàn lẹ́nu ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ariwo wọn rí. Ìbéèrè tí ẹ ń bi mí nìyí.

Báwo ni àwọn tí kì í jà ṣe tú ká?

Wọ́n ń jà. Inú ni wọ́n ń jà á sí.

Mo jókòó ti ìyá tó máa ń ya ọnà ẹlẹ́kọ níbẹ̀. Ìyẹ́ adìyẹ ló fi ń ya ẹ̀kọ láfún sára aṣọ. Ẹ̀kọ yẹn gbọ́dọ̀ gbẹ kí aṣọ tó wọnú aró, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ aró á gba abẹ́ rẹ̀ wọlé. Ẹni tó ń rẹ aṣọ kánjú, oníbàárà ń pè é ṣáá, ó ki aṣọ bọ ìkòkò. Ọnà dàrú. Ìyá rí i, wọ́n dákẹ́. Ó tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n tún dákẹ́. Ní ìgbà kẹrin, wọ́n ní, "Ojúkòkòrò ló pọ̀ nílé yín." Ọ̀rọ̀ aṣọ tí kò gbẹ ti di ọ̀rọ̀ ilé baba ẹni.

Ṣé gbogbo àríyànjiyàn ló burú?

Rárá. Lọ́dún 1995, olùwádìí kan, Karen Jehn, ya àríyànjiyàn lórí iṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ìjà lórí ènìyàn. Ó rí i pé èkíní lè wúlò níbi iṣẹ́ tó gba ìrònú. Ṣùgbọ́n ẹ má torí ìyẹn máa tako gbogbo ọ̀rọ̀ o. Nígbà tí àwọn olùwádìí méjì, De Dreu àti Weingart, kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ lọ́dún 2003, wọ́n rí i pé àti èkíní àti èkejì ló sábà máa ń pa iṣẹ́ lára, àwọn méjèèjì sì sábà máa ń rìn pọ̀.

Ṣé ọmọdé lè sọ fún àgbà pé ó ṣì í ṣe?

Ó lè sọ ọ́, ó sì yẹ kó sọ ọ́. Ní Amẹ́ríkà, láwọn ọdún 1990, olùwádìí kan, Amy Edmondson, wo àṣìṣe lórí oògùn láwọn ilé ìwòsàn. Ó rò pé ibi tí iṣẹ́ ti gún régé ni àṣìṣe máa kéré sí. Òdìkejì ló bá. Ohun tó fà á ni pé níbi tí ọ̀gá kò ti le koko, ẹ̀rù kì í ba òṣìṣẹ́ láti jẹ́wọ́.

Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọ tó bá sọ ọ́ ní gbangba níwájú oníbàárà ti rí àgbà fín. Ṣùgbọ́n mo rí ọmọ iṣẹ́ kan tó kúnlẹ̀ ti ọ̀gá rẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi fọwọ́ kan ibí yìí wò." Ọ̀gá fọwọ́ kàn án, ẹ̀kọ lẹ̀ mọ́ wọn níka. "O ṣeun, gbé e padà sóòrùn." Ó tán. Ọ̀gá tó bá jágbe mọ́ ẹni àkọ́kọ́ tó sọ̀rọ̀ kò ní gbọ́ ti ẹni kejì láéláé.

Ìgbà wo ni ká yanjú ẹ̀?

Lọ́jọ́ náà gan-an, lẹ́yìn tí oníbàárà bá ti lọ.

Ta ni ká pè?

Ẹni tí kò sí owó tirẹ̀ níbẹ̀, tó sì máa gbọ́ tọ̀tún-tòsì, torí agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ohun kan ń bà mí lẹ́rù nínú ìlàjà wa: a ní kí ọmọdé dọ̀bálẹ̀, a ní ó ti parí. Ta ni yóò máa sọ pé aṣọ ti gbẹ lọ́la? Bí ẹ ò bá dáhùn ìyẹn, ìjà á padà wá.

Ṣé ọ̀gá lè lé mi láìsọ fún mi ṣáájú?

Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà ní kí òṣìṣẹ́ tó ti lò ju oṣù 3 lọ àmọ́ tí kò tíì pé ọdún 2 gba ìfitónilétí ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tó ti lo ọdún 2 tí kò tíì pé 5, ọ̀sẹ̀ méjì. Láti ọdún 5 lọ, oṣù kan. Ṣùgbọ́n ìwà tó burú jáì lè mú kí èèyàn pàdánù rẹ̀.

Bí ẹnì kan bá gbá mi létí ńkọ́?

Ìyẹn ti kúrò ní èdè-àìyedè. Lọ́dún 2022, Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn 190 ti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé tó lòdì sí ìwà ipá níbi iṣẹ́, àdéhùn náà sì kan ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ pẹ̀lú. Kọ́kọ́ kúrò níbẹ̀. Kọ ọjọ́, wákàtí àti orúkọ ẹni tó rí i sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.