Ta Ló Ń Sanwó Bésíbọ́ọ̀lù Orí Tẹlifíṣọ̀n?

Eré 162 ni ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ń ṣe ní sáà kan nínú líìgì àgbà Amẹ́ríkà. Láti òpin oṣù kẹta títí di òpin oṣù kẹsàn-án, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọjọ́ tí wọn ò ní wọ pápá. Ẹgbẹ́ 30 ló wà, ẹni tó bá ṣírò rẹ̀ á rí i pé eré 2,430 ni àpapọ̀ rẹ̀ kí ìdíje àṣekágbá tó bẹ̀rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n wo ló fẹ́ gbé gbogbo ìyẹn lórí? Àwọn tí wọ́n ń ṣe àgbéjáde fún gbogbo orílẹ̀-èdè, irú Fox àti ESPN, ṣa díẹ̀ tó wù wọ́n níbẹ̀. Èyí tó kù, tí í ṣe òkìtì ńlá náà gan-an, ọwọ́ tẹlifíṣọ̀n ẹlẹ́kùnjẹkùn ló bọ́ sí: YES fún Yankees ní New York, NESN fún Red Sox ní Boston, àtàwọn mìíràn káàkiri.

Ó yẹ kí a mọ̀ pé irú tẹlifíṣọ̀n bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti gbogbo ayé. Ti ẹgbẹ́ kan ni. Bí ẹgbẹ́ náà bá rin ìrìn àjò, àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ rẹ̀ á bá a lọ, tàbí kí wọ́n máa sọ ọ́ láti ilé pẹ̀lú àwòrán tó ń wọlé. Ìdí nìyí tí eré kan ṣoṣo fi sábà máa ń jáde ní ọ̀nà méjì. Ara Boston ń gbọ́ tirẹ̀ lẹ́nu ẹni tó mọ Red Sox dunjú, ara New York náà ń gbọ́ tirẹ̀ lẹ́nu ẹni tirẹ̀. Bọ́ọ̀lù tó mú inú ilé kan dùn ló ń ba ti ilé kejì jẹ́.

Lọ́jọ́ eré, láti ọ̀sán ni tírélà gígùn kan ti gúnlẹ̀ sẹ́yìn pápá. Inú rẹ̀ ṣókùnkùn, ó tutù nini, àwòrán kéékèèké ló sì kún ara ògiri iwájú bámúbámú, ti kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan ọ̀tọ̀. Olùdarí á máa ké nọ́ńbà: “Mẹ́rin! Méjì!” Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á máa tẹ bọ́tìnnì bó ṣe ń ké e. Lẹ́yìn wọn ni àwọn tó ń ṣọ́ àtúnwò jókòó sí, tí wọ́n lè dá àwòrán padà kí ariwo èrò pápá tó rọlẹ̀. Kámẹ́rà tí iṣẹ́ pọ̀ sí lọ́wọ́ jù wà lókè, ní ìpẹ̀kun pápá lọ́hùn-ún, ó ń wo ẹ̀yìn ajùbọ́ọ̀lù. Wọn kì í sábà gbé e sí ọ̀gangan àárín, wọ́n máa ń yà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ kí ẹ̀yìn ajùbọ́ọ̀lù má baà bo alùbọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀. Bọ́ọ̀lù tó ń sáré ní máìlì 95 ní wákàtí kan kì í lo tó ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kí ó tó dé ọwọ́ ẹni tó fẹ́ hán an. Láàárín ìwọ̀nba yẹn, ẹni tó jókòó sílé gbọ́dọ̀ rí i bó ṣe kúrò lọ́wọ́, bó ṣe kọrùn àti ibi tó balẹ̀ sí. Kámẹ́rà yìí ló jẹ́ kó ṣeé ṣe.

Abala mẹ́sàn-án ni eré ní, abala kọ̀ọ̀kan sì pín sí méjì. Nígbàkúùgbà tí àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì bá pààrọ̀ ipò, ìpolówó á wọlé fún bí ìṣẹ́jú méjì: oníṣòwò ọkọ̀, ilé ìwòsàn, báǹkì ìlú náà. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ibẹ̀ ni owó ti ń wá. Díẹ̀ ń ti ibẹ̀ wá lóòótọ́, àmọ́ ìyẹn kọ́ ló ń gbé ilé ró.

Bí owó gidi ṣe ń rìn rèé. Ẹgbẹ́ ta ẹ̀tọ́ eré rẹ̀ fún tẹlifíṣọ̀n fún ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tẹlifíṣọ̀n náà kò ní wáyà tirẹ̀ tó wọ ilé ẹnikẹ́ni, nítorí náà á lọ bá àwọn oníkébù àti àwọn tó ń fi díìṣì ṣiṣẹ́, á ní kí wọ́n máa san iye kan fún òun lórí ilé kọ̀ọ̀kan lóṣooṣù. Ká ní dọ́là márùn-ún ni, ká sì ní ilé mílíọ̀nù kan ló wà ní ẹkùn náà. Mílíọ̀nù márùn-ún dọ́là nìyẹn lóṣù, ọgọ́ta mílíọ̀nù lọ́dún. Oníkébù kì í fi owó yìí ṣe sàráà o. Orí bíìlì oníbàárà ló ń gbé e lé, gbogbo oníbàárà pátá, ẹni tó ń wo bésíbọ́ọ̀lù àti ìyá àgbà tí kò mọ̀ ju eré ìdáná lọ.

Ẹni tó ń san DStv nílé á tètè lóye rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ wo Premier League ń ra òdidì àkójọ, títí kan àwọn ìkànnì tí kò ní ṣí láéláé. Ojú òdì-kejì ni kí a fi wo èyí: ìyá àgbà tó fẹ́ wo ìdáná ló ń bá olólùfẹ́ bésíbọ́ọ̀lù dáwó, kò sì sẹ́ni tó bi í. Owó àwọn tí kì í wò ó wà nínú èyí tí wọ́n fi ń san owó oṣù àwọn agbábọ́ọ̀lù ńláńlá.

Kí owó náà má baà já, tẹlifíṣọ̀n gbọ́dọ̀ dá nìkan ni eré náà ní ẹkùn rẹ̀. Ibí ni ohun tí wọ́n ń pè ní blackout ti wá. Líìgì pín ilẹ̀ Amẹ́ríkà fún àwọn ẹgbẹ́ bí ẹni pín oko. Láti ọdún 2002 ni eré líìgì ti ń jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lórí ohun tí wọ́n ń pè ní MLB.TV, ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tó bá ń gbé nínú oko ẹgbẹ́ kan kò lè fi wo ẹgbẹ́ yẹn. Ẹ wo ìpínlẹ̀ Iowa, tí kò ní ẹgbẹ́ kankan. Ẹgbẹ́ mẹ́fà ni wọ́n jọ ka ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ tiwọn: Cubs, White Sox, Cardinals, Royals, Twins àti Brewers. Àgbẹ̀ kan ní àárín Iowa, tó ní láti wakọ̀ ju máìlì 150 lọ kó tó dé pápá tó sún mọ́ ọn jù, lè ti sanwó MLB.TV rẹ̀ pé nígbà náà, síbẹ̀ kò ní rí èyíkéyìí nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Bí oníkébù tó wà ládùúgbò rẹ̀ kò bá gbé tẹlifíṣọ̀n ẹgbẹ́ náà, ìparí ọ̀rọ̀ nìyẹn. Òfin tí wọ́n ṣe kí ọjà má baà bàjẹ́ ló wá ń lé oníbàárà jáde lọ́jà.

Ti Los Angeles ló dunni jù. Dodgers bá Time Warner Cable ṣe àdéhùn ọdún 25, owó rẹ̀ jẹ́ bílíọ̀nù 8.35 dọ́là, tẹlifíṣọ̀n tuntun náà sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2014. Láti rí owó yẹn padà, wọ́n ní kí àwọn oníkébù yòókù san owó gọbọi lórí ilé kọ̀ọ̀kan. DirecTV àtàwọn mìíràn ní àwọn ò san. Ìjà náà kò tán pẹ̀lú DirecTV títí di ọdún 2020. Láàárín àkókò yẹn, Vin Scully, tó ti ń sọ eré Dodgers láti ọdún 1950, ń sọ èyí tó kẹ́yìn nínú sáà 67 rẹ̀. Àwọn tí bàbá wọn gbé ohùn rẹ̀ lé lọ́wọ́ láti kékeré kò lè gbọ́ ọ lórí tẹlifíṣọ̀n ilé wọn. Nígbà tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì ní 2016 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi díẹ̀ nínú eré náà sórí KTLA, tí kò gba owó. Irú rẹ̀ náà ṣẹlẹ̀ ní Houston, níbi tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí: tẹlifíṣọ̀n tó ń gbé Astros nígbà náà dé ilé-ẹjọ́ àwọn onígbèsè ní 2013 nítorí pé ọ̀pọ̀ oníkébù kọ̀ ọ́.

Gbogbo ètò yìí dúró lórí pé ìyá àgbà kò ní já wáyà rẹ̀. Ó wá já a. Láti bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ọ̀kẹ́ àìmọye ilé ni wọ́n ti fi kébù sílẹ̀ lọ sórí Netflix àti YouTube, bí ilé kọ̀ọ̀kan sì ṣe ń lọ ni dọ́là márùn-ún rẹ̀ ń bá a lọ. Àmọ́ owó tí wọ́n ṣèlérí fún ẹgbẹ́ nínú ìwé àdéhùn ń lọ sókè lọ́dọọdún ni.

Àsìkò yẹn gan-an ni Sinclair, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan, yá owó ńlá. Ní ọdún 2019, ó ra tẹlifíṣọ̀n ẹlẹ́kùnjẹkùn 21 tí ìjọba ní kí Disney tà. Owó náà ju bílíọ̀nù mẹ́sàn-án dọ́là lọ. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2023, Diamond Sports Group tó ń darí wọn sá sábẹ́ òfin àwọn tó wọ gbèsè. Gbèsè ọrùn rẹ̀ ju bílíọ̀nù mẹ́jọ lọ, ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù 14 ló sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Padres ti San Diego ló kọ́kọ́ já bọ́. Owó wọn kò wọlé, líìgì sì gba eré wọn ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún, nígbà tí wọ́n wà ní Miami. Ẹni tó tan tẹlifíṣọ̀n lálẹ́ ọjọ́ náà gbọ́ ohùn Don Orsillo àti Mark Grant, àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ Padres, bí ó ṣe ń gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀. Ohun tó yí padà ni pé wọ́n mú blackout kúrò lórí Padres: nígbà náà, ará San Diego lè san dọ́là 19.99 lóṣù lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó sì wo ẹgbẹ́ rẹ̀ láìní kébù, iye ilé tí eré náà sì lè dé lọ láti mílíọ̀nù kan àti díẹ̀ sí ohun tó ju mílíọ̀nù mẹ́ta lọ. Inú olólùfẹ́ dùn. Inú akápò kò dùn tó bẹ́ẹ̀, torí ẹni tó fẹ́ wò ó nìkan ló kù tó ń sanwó.

Ọgbẹ́ náà kò sì dọ́gba. Ìdá 48 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń pa ládùúgbò rẹ̀ ni wọ́n ń kó jọ tí wọ́n sì ń pín lọ́gbọọgba, ìyókù jẹ́ ti ẹgbẹ́ náà. Ẹgbẹ́ ìlú kékeré tí tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ wó lulẹ̀ ń bá Yankees du agbábọ́ọ̀lù kan náà. Rob Manfred, ọ̀gá líìgì, fẹ́ kó ẹ̀tọ́ gbogbo ẹgbẹ́ 30 sínú agbọ̀n kan, kí ó tà á lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí àdéhùn pẹ̀lú àwọn tẹlifíṣọ̀n àpapọ̀ bá parí lẹ́yìn sáà 2028. Àwọn tí agbọ̀n wọn ti kún gbọ́dọ̀ gbà kí ó tó ṣeé ṣe, àdéhùn Dodgers sì wà nílẹ̀ títí di ọdún 2038.