Omi Ìyè Nínú Ìgò: Bí Single Malt Ṣe Bẹ̀rẹ̀, àti Bí Pípín In Mu Ṣe Dé Agbo Wa

Ní òpin oṣù tó kọjá, àwa márùn-ún jókòó yí tábìlì kan ká nínú pálọ̀ ọ̀rẹ́ wa ní Sùúrùlérè. Ìgò single malt kan ṣoṣo, ọtí whisky ti Skọ́tlándì, ló wà láàárín wa. Ẹni tó gbé e wá ló já ọ̀rá ẹnu rẹ̀ lójú gbogbo wa, ó bu díẹ̀ sí ife tirẹ̀, ó tọ́ ọ wò. Èmi ni mo kéré jù níbẹ̀, nítorí náà èmi ni mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife fún ẹ̀gbọ́n wa àgbà. Wọn ò tíì fi kan ẹnu tí wọ́n fi ní, "Àbúrò, gbọ́ òórùn yìí wò. Ṣé kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja ní Mákòkó la wà yìí?"

Gbogbo wa gbé ife sí imú. Òótọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n wá bi mí pé ta ló kọ́kọ́ ronú irú nǹkan báyìí. Ìdáhùn tí mo fún wọn lálẹ́ ọjọ́ náà kúrú jù, mo fẹ́ sọ ọ́ kún rẹ́rẹ́ níbí.

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi orúkọ bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará òkè Skọ́tlándì tó ń sọ èdè Gaelic ń pè é ní uisge beatha. Uisge ni omi, beatha ni ìyè. Inú èdè Látìn ni wọ́n ti tú u, torí aqua vitae, omi ìyè, ni àwọn ẹlẹ́sìn àti oníṣègùn ayé àtijọ́ ń pe ọtí tí wọ́n bá sè tí wọ́n sì gba oru rẹ̀ kó tún di omi. Ahọ́n àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì kò yí sí Gaelic, wọ́n gé orúkọ náà kúrú títí ó fi di whisky. Ìyè já bọ́ lójú ọ̀nà, omi nìkan ló kù.

Nínú ìwé ìṣirò owó ọba Skọ́tlándì ti ọdún 1494, lábẹ́ James Kẹrin, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí wọ́n fún ẹlẹ́sìn kan tó ń jẹ́ Friar John Cor ní malt, ìyẹn ọkà tí wọ́n mú hù tí wọ́n sì gbẹ, tó kún òṣùwọ̀n boll 8, kó fi ṣe aqua vitae. Òun ni àkọsílẹ̀ tí gbogbo ènìyàn máa ń tọ́ka sí, ọkà náà sì pọ̀ tó láti pọn ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ìgò, nítorí náà iṣẹ́ náà ti wà ṣáájú ìwé. Oògùn ni wọ́n kà á sí nígbà náà. Ní 1505, ẹgbẹ́ àwọn onígbàjámọ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ ní Edinburgh ni wọ́n fún láṣẹ pé àwọn nìkan ni kó máa pọn ọ́n tà nínú ìlú. Ẹni tó bá ti rí bí àwọn aláàgbo ṣe ń rẹ egbò sínú ògógóró ní ibùdókọ̀ Ojúẹlẹ́gbà kò ní bi mí léèrè kí ló kan ọtí kan oògùn.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe malt náà kò ṣàjèjì sí wa. Ìyá àgbà mi máa ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ní Ẹ̀bútè Mẹ́ta. Wọ́n á rẹ àgbàdo sínú omi, wọ́n á dà á sórí ewé, wọ́n á sì fi ewé bò ó títí yóò fi hù. Bí mo bá yọ́ lọ ṣí ewé náà, mo máa ń rí irun funfun tín-ín-rín lẹ́nu hóró kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ mi á mọ ooru tó ń ti inú rẹ̀ jáde. Ìyá àgbà ní híhù yẹn ló ń jẹ́ kó dùn, wọn ò sì purọ́. Ọkà tó ń hù máa ń pèsè ohun tó ń sọ ìyẹ̀fun inú rẹ̀ di ṣúgà, ṣúgà yìí ni ìwúkàrà máa ń jẹ tí yóò fi di ọtí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ń ṣe ọkà báálì ní Skọ́tlándì. Wọ́n á rẹ ẹ́, wọ́n á tẹ́ ẹ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n á máa fi ṣọ́bìrì yí i kó má baà so mọ́ra, nígbà tó bá hù tó, wọ́n á fi iná gbẹ ẹ́. Malt nìyẹn. Ọmọ Èkó tó bá gbọ́ "mọ́ọ̀tì", ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n ń pín níbi ìsọmọlórúkọ ló máa kọ́kọ́ rò, ọkà tó hù yìí náà ló sì wà nídìí ìyẹn.

Ní erékùṣù bíi Islay, igi ìdáná kò pọ̀. Ilẹ̀ àbàtà ni wọ́n ń gé bíi búlọ́ọ̀kù, wọ́n á sá a, wọ́n á fi dáná tó ń gbẹ ọkà. Èéfín rẹ̀ á wọ inú hóró lọ, kò sì ní jáde mọ́, ì báà lo ọdún mẹ́wàá nínú àgbá. Òun ló rán ẹ̀gbọ́n wa létí Mákòkó.

Àgbẹ̀ ló ń ṣe gbogbo èyí. Lẹ́yìn ìkórè, ẹni tí ọkà bá ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ̀ á pọn ọ́n nínú ìkòkò bàbà, màlúù á jẹ èérí rẹ̀, aládùúgbò á wá mu nínú rẹ̀. Ìjọba ló wá kó sí i. Ní 1644 wọ́n kọ́kọ́ gbé owó orí lé ọtí náà. Ní 1725 wọ́n gbé òmíràn lé malt fúnra rẹ̀, àwọn ará Glasgow sì fárígá, wọ́n ya bo ilé ọkùnrin tó ń ṣojú wọn nílé aṣòfin, tí wọ́n gbà pé ó lọ́wọ́ sí òfin náà, wọ́n ba ilé ọ̀hún jẹ́. Ẹni tó bá mọ ìtàn bí àwọn ará Èkó ṣe dìde sí owó omi ní 1908 á mọ irú inú tó ń bí wọn.

Bí owó orí ṣe ń ga, fàyàwọ́ ń gbilẹ̀. Kọ̀rọ̀ òkè ni wọ́n ń gbé ìkòkò lọ, òru ni wọ́n ń dáná kí èéfín má baà tú wọn fó, ẹṣin kékeré ni wọ́n ń di àgbá lé gba ọ̀nà ìgbẹ́. Fàyàwọ́ yìí ló dára jù, torí àwọn tó gba ìwé àṣẹ ń sáré pọn ọ́n kí owó orí má baà jẹ èrè wọn, àwọn ará òkè sì ń fara balẹ̀. Nígbà tí Ọba George Kẹrin bẹ Edinburgh wò ní 1822, ọtí Glenlivet tí kò sanwó orí ni wọ́n wá kiri fún un. Ọdún kejì ni òfin tuntun dé. Ó sọ ìwé àṣẹ di £10, ó sì dín owó orí kù. Ní 1824, George Smith ní àfonífojì Glenlivet gba ìwé àṣẹ. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ ka èyí sí ọ̀dàlẹ̀, wọ́n lérí pé àwọn á dáná sun ilé ìpọntí rẹ̀ tòun tirẹ̀. Ìbọn ìléwọ́ méjì ló ń gbé kiri láti dáàbò bo ara rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí nìyí. Àwa náà ní ògógóró, tí wọ́n ń sè látinú ògùrọ̀, tí oru rẹ̀ ń gba inú páìpù tó ń gba omi tútù kọjá. Ìjọba amúnisìn kà á léèwọ̀, ọlọ́pàá ń kó àwọn tó ń pọn ọ́n. Bẹ́ẹ̀, jíìnì tí ọkọ̀ ojú omi ń kó wá sí Èkó láti Hamburg àti Rotterdam ti ń mú owó ibodè wọlé fún wọn láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹni tó bá sì ń mu ògógóró kò ní ra jíìnì. Àwọn ará òkè Skọ́tlándì rí òfin tó jẹ́ kí wọ́n jáde síta, wọ́n sì rí àgbá igi àti àkókò. Tiwa kò rí i. Funfun báláú ni ọtí tó ń kán látinú ìkòkò méjèèjì, n kò sì gbà pé ọwọ́ tó pọn ti ọ̀hún mọ iṣẹ́ ju ọwọ́ tó pọn tiwa lọ.

Igi óákù ló ń fún un láwọ̀. Àgbá tí wọ́n ti fi gbé bourbon, whisky àwọn ará Amẹ́ríkà, rí, tàbí wáìnì sherry ti Spéìn, ni wọ́n sábà máa ń lò. Lọ́dọọdún, nǹkan bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún máa ń fẹ́ lọ, wọ́n ń pe ìyẹn ní ìpín àwọn áńgẹ́lì. Ìgbà ogun, ní 1915, ni òfin kọ́kọ́ fi dandan lé e pé ó gbọ́dọ̀ pẹ́ nínú àgbá kí wọ́n tó tà á. Lónìí, kò gbọ́dọ̀ dín ní ọdún mẹ́ta.

Ẹ ó ṣàkíyèsí pé n kò tíì dárúkọ "single". Kò sẹ́ni tó nílò rẹ̀ nígbà náà. Ní 1830, Aeneas Coffey, ọmọ Ireland tó ti ṣe agbowó orí ọtí rí, gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ kan tó ń pọntí láìdáwọ́ dúró, tó sì lè lo ọkà olówó pọ́ọ́kú. Àwọn oníṣòwò bí Andrew Usher ní Edinburgh wá ń po ọtí ẹ̀rọ yìí mọ́ ti malt. Òfin 1860 fàyè gbà á. Kò pẹ́ sígbà náà ni kòkòrò kékeré kan run ọgbà àjàrà Faransé, buràńdì wọ́n, ọtí àmúlùmálà yìí sì gba ipò rẹ̀ kárí ayé. Àwọn orúkọ ńlá tí bàbá wa ń tò sínú kọ́bọ́ọ̀dù gíláàsì, àmúlùmálà ni púpọ̀ nínú wọn. Malt wá di èròjà tí wọ́n ń fi dá ọbẹ̀ ẹlòmíràn. Ìgbà tí ẹnì kan fẹ́ tà á ní òun nìkan ló tó nílò orúkọ tuntun. Ilé ìpọntí Glenfiddich ló fi gbogbo ara ṣe é láti 1963, tó gbé e jáde kúrò ní Skọ́tlándì. Ìtumọ̀ "single" kì í ṣe àgbá kan o, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò. Ilé ìpọntí kan ni, pẹ̀lú omi, ìwúkàrà àti báálì tó hù nìkan, nínú ìkòkò bàbà.

Ti pípín in, ó pẹ́ ju orúkọ náà lọ. Ife àtijọ́ wọn, quaich, fẹ̀ bí igbá, ó ní etí méjì, kí ẹni tó ń fúnni àti ẹni tó ń gbà lè fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Èyí tó sún mọ́ tiwa jù ṣẹlẹ̀ nígbà tí àwọn ọdún 1970 ń parí lọ. Ọkùnrin kan ní Edinburgh, Pip Hills, tọ́ ọtí wò látinú àgbá, ó wú u lórí, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dáwó jọ ra odindi àgbá kan ní ilé ìpọntí Glenfarclas, wọ́n pín in. Àwọn ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́ náà ní àwọn fẹ́ sí i. Ní 1983, ó di Scotch Malt Whisky Society, ní Leith. Àjọ ni ohun tí wọ́n dá, kò ní orúkọ míràn ní Yorùbá.

Àjọ ni tiwa náà. Owó ń wọlé lóṣooṣù, ẹni tí oṣù bá kàn ló ń ra ìgò. Òfin wa kan ṣoṣo ni pé a kì í ṣí ìgò lẹ́yìn ara wa. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo ra ọ̀kan lọ́wọ́ oníṣòwò kan ní Erékùṣù Èkó. Páálí rẹ̀ ń dán, owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Nígbà tí mo ṣí i, òórùn sípíríìtì tí nọ́ọ̀sì fi ń nu ara kó tó gúnni lábẹ́rẹ́ ló kọ lù mí. Mo da díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, mo fi ọwọ́ pa ọwọ́. Ó gbẹ, kò fi nǹkan kan sílẹ̀. Ojúlówó á fi òórùn ọkà àti igi sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àlejò ni mo rà á fún, ìyẹn ló dùn mí jù.

Lálẹ́ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, iná lọ ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án. Kò sẹ́ni tó dìde lọ tan jẹnẹrétọ̀. Ẹ̀gbọ́n fi ṣíbí kán omi méjì sínú ife wọn, wọ́n ní òórùn náà ti ṣí. Wọ́n wá ń sọ ìtàn bàbá wọn tó ṣiṣẹ́ ní rélùwéè ní Ẹ̀bútè Mẹ́ta, ife náà ò kúrò lọ́wọ́ wọn títí iná fi dé. Ó ku bí ìka méjì nínú ìgò. A dé e, a gbé e dúró lóòró, nínú òjìji, fún ẹnì kẹfà wa tó rìnrìn àjò.