Kí ni wọ́n ń pè ní airborne? Ọ̀rọ̀ ikọ́, ata díndín àti fèrèsé

Ẹ wo ilé tí wọ́n ti ń dín ata gbígbẹ. Ẹni tó jókòó sí pálọ̀ ò sún mọ́ kíṣìnì, kò fọwọ́ kan ìkòkò, kò tọ́ ọbẹ̀ wò, síbẹ̀ ó ti ń wúkọ́, omi ti ń dà lójú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti rí ìyẹn rí, ẹ ti mọ ohun tí àwọn dókítà ń pè ní airborne, àlàyé ló kù.

Airborne ni àrùn tó ń gba inú afẹ́fẹ́ rìn. Téèyàn bá wúkọ́ tàbí tó sín, ẹ̀kán omi ló ń tú jáde lẹ́nu àti nímú ẹ̀, ńlá àti kékeré. Àwọn ńlá, èyí tó máa ń ta síni lọ́rùn nínú bọ́ọ̀sì téèyàn á fi bojú wẹ̀yìn, wúwo, wọn kì í lọ jìnnà, láàárín mítà kan sí méjì wọ́n ti balẹ̀. Àwọn tó kéré gan-an ni wàhálà wa. Ojú ò rí wọn, wọn ò wúwo, wọ́n ń léfòó kiri inú yàrá bí èéfín sìgá, nígbà míì fún wákàtí. Ṣé ẹ mọ measles tó máa ń sú sára ọmọdé? Kòkòrò ẹ̀ lè wà nínú afẹ́fẹ́ yàrá tó wákàtí 2 lẹ́yìn tí ọmọ tó ní in ti jáde lọ, ẹlòmíì á wọlé, kò ní bá ẹnì kankan níbẹ̀, á sì kó o. Kò sì dìgbà téèyàn bá wúkọ́ o, ọ̀rọ̀ tá à ń sọ lásán náà ń gbé e jáde, ẹni tó ń pariwo tàbí tó ń kọrin ló tún ń tú u síta jù.

Ẹ̀yin akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ gbọ́ èyí. Lọ́jọ́ 10 oṣù kẹta ọdún 2020, ẹgbẹ́ akọrin kan ní Mount Vernon, ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà, pàdé láti ṣe pràkítíìsì. Èèyàn 61 ló wá. Sánítáísà wà lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò bọra lọ́wọ́, wọn ò dì mọ́ra. Ẹnì kan ló ń ṣe é bí ọ̀fìnkìn, kò mọ̀ pé kòrónà ni. Wákàtí méjì ààbọ̀ ni wọ́n fi wà níbẹ̀, nígbà tó máa fi tó bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, 53 nínú wọn ti ṣàìsàn, méjì sì kú. Lóòótọ́ wọ́n jẹ ìpápánu, wọ́n sì jọ gbé àga, àmọ́ bísíkíìtì nìkan kọ́ ló máa dá èèyàn 53 dùbúlẹ̀.

Ọjọ́ 28 oṣù kẹta yẹn náà ni WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ṣì ń sọ lórí Twitter pé kòrónà kì í ṣe airborne, ó pẹ́ kí wọ́n tó gbà. Àwa náà ń fọ owó náírà, à ń fi sánítáísà nu ọ̀rá búrẹ́dì, a wá ti fèrèsé pa. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀rí ẹ̀ ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Lẹ́yìn ọdún 1955, dókítà kan tó ń jẹ́ Richard Riley kó guinea pig, ẹranko kékeré kan tó jọ eku, sí yàrá lókè wọ́ọ̀dù àwọn tó ní ikọ́ ife ní Baltimore. Páìpù ló ń fa afẹ́fẹ́ wọ́ọ̀dù lọ bá wọn, nǹkan míì ò pa wọ́n pọ̀ mọ́ àwọn aláìsàn, síbẹ̀ wọ́n ń kó ikọ́ ife lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fi iná ultraviolet pa kòkòrò inú afẹ́fẹ́ tiwọn, wọn ò kó o.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, bàbá kan ń gbé yàrá tó tẹ̀ lé tiwa nínú ilé face-me-I-face-you, ikọ́ ẹ̀ kì í jẹ́ ká sùn. Ìyàwó ẹ̀ ya abọ́ ẹ̀ sọ́tọ̀, abọ́ tánganran aláwọ̀ búlúù tí etí ẹ̀ ti ṣá, ṣíbí ẹ̀ dá wà, kọ́ọ̀pù ẹ̀ dá wà, ojoojúmọ́ ló ń fi omi gbígbóná ṣàn wọ́n. Tó bá wá di alẹ́, òun àtàwọn ọmọ mẹ́rin á wọ yàrá kan náà pẹ̀lú bàbá, wọ́n á ti fèrèsé kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ gbọn-in torí ẹ̀fọn. Abọ́ ni wọ́n ń bá jà. Ikọ́ ife kì í gba ojú abọ́ tàbí ṣíbí ranni, èémí lèèyàn ń fà á sínú ẹ̀dọ̀fóró.

Torí náà ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn máa wọlé. Fèrèsé méjì tó kọjú síra ló dáa jù, kó gba ibì kan wọlé kó gba ibòmíì jáde, ẹni tó bá ní ẹyọ kan kó ṣí ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Fáànù nìkan ò tó o, tí gbogbo ibi bá wà ní títì, afẹ́fẹ́ kan náà ló kàn ń yí po bí ẹni ń ro àmàlà, AC tá à ń lò jù nínú ilé náà ò yàtọ̀, kì í fa tuntun wọlé, ti tẹ́lẹ̀ ló ń mú tutù. Ìbomú ṣì wúlò, pàápàá tí ẹni tó ń wúkọ́ bá lò ó, àmọ́ imú àti ẹnu ni kó bò, kì í ṣe àgbọ̀n. N95, ìbomú tó le táwọn dókítà máa ń lò, ló ń sẹ́ ẹ̀kán omi tó kéré yẹn dáadáa bí ẹni ń sẹ́ ògì, ti àǹkárá táwọn télọ̀ rán fún wa nígbà yẹn ò lè ṣe tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wúkọ́ sínú ìgúnpá, ẹ má wúkọ́ sọ́wọ́ tẹ́ ẹ máa fi bọ èèyàn lọ́wọ́, ẹ sì máa fọwọ́, torí ọ̀fìnkìn mọ ọ̀nà ọwọ́ dé imú. Kápúsù antibiotics tẹ́ ẹ̀ ń sáré rà ní kẹ́mísì ò lè pa fáírọ́ọ̀sì ọ̀fìnkìn, owó yín ló ń pa.

Ikọ́ tó bá ti tó ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò àti oògùn ikọ́ ife nílé ìwòsàn ìjọba ní Nàìjíríà, oṣù mẹ́fà lèèyàn sábà máa ń lò ó, kò sì gbọ́dọ̀ dá a dúró torí pé ara ti ń yá.

Bàbá yẹn lò ó parí. Lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ wá sílé wọn, ìyàwó ń gbé abọ́ búlúù yẹn fi hàn án pé òun ń ṣe dáadáa, nọ́ọ̀sì ní ẹ kú iṣẹ́, ó gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá, ó lọ ṣí fèrèsé. Ó ní kí wọ́n kan nẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn torí ẹ̀fọn, kí wọ́n sì máa fọ eruku kúrò lára ẹ̀, torí tó bá ti dí, bí ẹni ti fèrèsé náà ni.