Bí Ìtàgé Àwọn Àkàndá Ẹ̀dá Ṣe Wọ Inú Fóònù

Àga onítáyà kò fẹ́ràn Abẹ́òkúta. Ẹni tó bá ti sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ìtòkú rí, tàbí tó ti fẹsẹ̀ gun Olúmọ, á gbà pẹ̀lú mi. Ẹ̀rọ agbéniròkè wà l'Ólúmọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n orí ìtàgé wo lẹ ti rí irú rẹ̀? Lójú tèmi, àtẹ̀gùn ló lóyún eré orí íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn àkàndá ẹ̀dá. Kòrónà kàn gbẹ̀bí rẹ̀ ni.

Eré wọn fúnra rẹ̀ ti pẹ́. Kòkòrò, olórin afọ́jú, fi ìgboro Èkó ṣe ìtàgé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìjàǹbá ọkọ̀ ọdún 1997 gbé Yínká Ayéfẹ́lẹ́ jókòó sórí àga onítáyà, orin rẹ̀ sì gbòde lẹ́yìn rẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù, Nabil Shaban àti Richard Tomlinson dá ẹgbẹ́ eré Graeae sílẹ̀ lọ́dún 1980. Celeste Dandeker, oníjó tó ṣubú lórí ìtàgé lọ́dún 1973 tí kò lè rìn mọ́, bá Adam Benjamin dá ẹgbẹ́ oníjó Candoco sílẹ̀ lọ́dún 1991. Àmọ́ oníkálùkù wà ní ìlú tirẹ̀. Físà, owó bàálù, owó bàálù ẹni tí yóò máa ti àga: ta ni yóò san án?

Ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ọdún 2020 ni kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Gbogbo òṣèré bọ́ sórí Zoom. Àwọn àkàndá ẹ̀dá ti ń bẹ̀bẹ̀ tipẹ́ pé kí àwọn ọ̀gá eré jẹ́ káwọn máa fi eré dánra wò láti ilé, àwọn ọ̀gá ní kò ṣeé ṣe. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló fi ṣeé ṣe. (Ó dunni, ó tún pani lẹ́rìn-ín.)

Ìlù ló kọ́kọ́ fa wàhálà. Ohùn máa ń pẹ́ díẹ̀ lójú ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ gúdúgúdú tó bá pẹ́ díẹ̀ ti ba eré jẹ́. Ọgbọ́n tí Eric Whitacre, adarí ẹgbẹ́ akọrin ọmọ Amẹ́ríkà, fi kó olórin 185 láti orílẹ̀-èdè 12 jọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dún 2010 ló wúlò: kálukú á gba tirẹ̀ sílẹ̀ nílé, ẹnìkan á wá rán wọn pọ̀, bí a ṣe ń rán apá àdìrẹ méjì di ìró.

Èdè ọwọ́ ló yà mí lẹ́nu jù. Andrew Foster, adití ọmọ Amẹ́ríkà, dá ilé ẹ̀kọ́ adití kan sílẹ̀ n'Íbàdàn lọ́dún 1960. Èdè ọwọ́ Amẹ́ríkà ló gbé wá, ó sì tàn kálẹ̀. Torí náà, adití ọmọ Ẹ̀gbá lè bá adití ará Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀ lójú fóònù kó yé wọn, kí ti Lọ́ńdọ̀nù máa wò wọ́n. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn ń kà, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan ni Amẹ́ríkà fi ń to ábídí, ọwọ́ méjì ni ti Lọ́ńdọ̀nù. Ògbufọ̀ méjì nìyẹn. Ti afọ́jú rọrùn díẹ̀: kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kálukú á sọ bí òun ṣe rí, "Àdìrẹ aláró ni mo wọ̀, gèlè mi pupa."

Bí NEPA bá mú iná lọ, olórin lè máa kọrin lọ nínú òkùnkùn. Adití ò lè sọ nǹkan kan mọ́. Ẹgbẹ́ tó bá mọ Abẹ́òkúta dáadáa á ra iná oníbátìrì kó tó ra máíkì.