Sáàfù líle ń lé alágbára sílé, àmọ́ kì í sábà gbé ife: àṣìṣe àwa tó ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ Wimbledon

Ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú Wimbledon, ìdíje tẹ́níìsì ńlá orí koríko ní London, ni wọ́n máa ń ṣẹ́ kèké láti mọ ẹni tí yóò kojú ẹni. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àwa olólùfẹ́ tẹ́níìsì ti pín ife tán. Gbólóhùn kan náà ló sì máa ń wà lẹ́nu wa: "Koríko ni o, ẹni tí sáàfù rẹ̀ bá le jù ni kẹ́ ẹ mú." Sáàfù ni bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ póìntì kọ̀ọ̀kan, òun nìkan sì ni bọ́ọ̀lù tí eléré ń gbá láìsí ẹni tó ń dí i lọ́wọ́. A ó wá máa wá àwọn géńdé tó ga tó mítà méjì, àwọn tí bọ́ọ̀lù wọn ń ró bí ìbọn, a ó ní ọ̀kan nínú wọn ni ọdún yìí. Ọ̀pọ̀ ọdún lèmi náà fi wà nínú ẹgbẹ́ yìí. Milos Raonic ni tèmi. Nígbà tó dé àṣekágbá ní 2016, mo ti ń jó kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́. Andy Murray nà án ní sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta gbáko: 6–4, 7–6, 7–6. (Géèmù ni ọ̀wọ́ póìntì tí ẹnì kan ṣoṣo ń sáàfù; ẹni tó bá kó géèmù mẹ́fà jọ ló sábà máa ń gba sẹ́ẹ̀tì, ọkùnrin tó bá sì kọ́kọ́ gba sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ló borí.)

Ìgbàgbọ́ yìí kì í ṣe irọ́ láti ìpìlẹ̀. Bọ́ọ̀lù kì í fò sókè púpọ̀ lórí koríko, ṣe ló máa ń yọ̀ kọjá. Ẹni tó bá fẹ́ dá a padà ní láti tẹ̀ wálẹ̀, kó sì yára. Ní àwọn ọdún 1990, ẹni tó bá sáàfù dáadáa yóò sáré tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù rẹ̀ lọ sídìí nẹ́ẹ̀tì, póìntì ti parí kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Pete Sampras gba ife náà lẹ́ẹ̀méje láàárín 1993 sí 2000. Ní 2001, Goran Ivanisevic, ẹni tó wà ní ipò 125 lágbàáyé, tó jẹ́ pé wild card, ìyẹn àyè ọ̀fẹ́ fún ẹni tí ipò rẹ̀ kò tó láti wọlé, ni àwọn olùṣètò fi ṣàánú rẹ̀, fi sáàfù ọwọ́ òsì rẹ̀ gbé e. Kò tíì sí ẹlòmíràn tó fi wild card gba ife àwọn ọkùnrin níbẹ̀. Ẹni tó bá fojú ara rẹ̀ rí àwọn ọdún wọ̀nyẹn, ó dájú pé ohun tó rí ló gbà gbọ́.

Àmọ́ ẹ wá àwòrán kóòtù ńlá Wimbledon ti ìgbà náà jáde, èyí tí wọ́n yà ní ọ̀sẹ̀ kejì, kẹ́ ẹ wo ibi tí koríko ti kú. Ẹ ó rí ipa ẹsẹ̀ tó là láti ìlà ẹ̀yìn dé ìdí nẹ́ẹ̀tì bí ọ̀nà oko. Ẹ wá gbé ti àìpẹ́ yìí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìlà ẹ̀yìn nìkan ló pá. Iwájú ṣì tutù yọ̀yọ̀, bí ẹni pé kò sẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́ rí. Àwòrán méjèèjì yìí ti sọ ìdajì ohun tí mo fẹ́ sọ.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Tẹ́lẹ̀, irúgbìn koríko méjì ni wọ́n ń pò pọ̀ ní Wimbledon, ryegrass ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún àti fescue ìdá 30. Ní 2001 ni wọ́n fi fescue sílẹ̀, tí wọ́n ń gbin ryegrass nìkan. Ohun tí wọ́n ń wá ni koríko tí yóò fara da ẹsẹ̀ èèyàn fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọn kò sọ pé àwọn fẹ́ dín ìyára bọ́ọ̀lù kù. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ abẹ́ koríko náà le sí i, bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè dáadáa, ibi tí èèyàn ń retí rẹ̀ náà ló sì ń wá. Òwú rákẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú yí padà lásìkò kan náà. Òwú polyester tó gbòde ń jẹ́ kí èèyàn lè fi gbogbo agbára gbá bọ́ọ̀lù, síbẹ̀ kó yí bìrí kó sì bọ́ sínú kóòtù. Ẹni tó bá sáré wá sídìí nẹ́ẹ̀tì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni bọ́ọ̀lù ń já sí. Ní 2002, Lleyton Hewitt àti David Nalbandian ló pàdé ní àṣekágbá, ìlà ẹ̀yìn sì ni àwọn méjèèjì dúró sí. Nalbandian kò tíì bá àwọn àgbà gbá Wimbledon rí ṣáájú ọdún náà! Hewitt, tí kò ga, tí sáàfù rẹ̀ kì í sì í ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù, ló borí.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wò ó díẹ̀, torí ibẹ̀ ni mo ti jáwọ́ lára Raonic. Ká ní ọkùnrin kan wà tí ẹnikẹ́ni kò lè gba géèmù lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó bá ń sáàfù, àmọ́ tí òun náà kò lè gba ti ẹlòmíràn. Gbogbo sẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ni yóò dé 6–6, tie-break, ìyẹn géèmù àfikún kan tí wọ́n fi ń parí sẹ́ẹ̀tì, ni yóò sì yanjú rẹ̀. Tie-break sì jọ kéèyàn ju owó ẹyọ sókè: ìdajì tèmi, ìdajì tìrẹ. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méje lèèyàn gbọ́dọ̀ borí kó tó gba ife. Ìdajì, nínú ìdajì, nínú ìdajì, títí di ẹ̀ẹ̀méje: ẹ̀ẹ̀kan péré nínú 128. Eléré mélòó ló sì ń bẹ̀rẹ̀ ìdíje náà? 128. Ìyẹn ni pé ẹni tó di ojú rẹ̀, tó fa orúkọ kan yọ nínú àpò, kò ṣe burú ju ẹni tó mú ọkùnrin wa yìí. Mo mọ̀ pé kò sí ẹni tó burú tó bẹ́ẹ̀ nídìí dídá bọ́ọ̀lù padà, àmọ́ bí eléré bá ṣe jọ ọkùnrin yìí tó náà ni ìrètí rẹ̀ ṣe ń kéré tó.

John Isner àti Nicolas Mahut fi èyí hàn wá ní gbangba ní 2010, ní ìpele àkọ́kọ́, lórí Kóòtù 18. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi gbá a, wákàtí 11 àti ìṣẹ́jú 5. Isner gbá sáàfù 113 tí Mahut kò fọwọ́ kàn rárá, èyí tí wọ́n ń pè ní éèsì, Mahut náà gbá 103. Nígbà tí sẹ́ẹ̀tì karùn-ún dé 47–47, pátákó tó ń kọ èsì sílẹ̀ dákú. Wọn kò ṣètò rẹ̀ láti kà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Isner borí ní 70–68, torí kò sí tie-break ní sẹ́ẹ̀tì karùn-ún nígbà náà. Gbogbo ayé pàtẹ́wọ́, èmi náà sì pa tèmi. Nígbà tó jáde fún ìpele kejì, Thiemo de Bakker nà án 6–0, 6–3, 6–2 láàárín ìṣẹ́jú 74. Ẹsẹ̀ kò gbé e mọ́. Ibi tí Isner dé jù ní Wimbledon ni ìpele tó ṣáájú àṣekágbá, ní 2018. Kevin Anderson ló dá a dúró níbẹ̀, 26–24 ní sẹ́ẹ̀tì karùn-ún. Anderson náà dé àṣekágbá, ó sì bá Novak Djokovic níbẹ̀.

Djokovic ti gba ife yìí lẹ́ẹ̀méje, ohun tó sì mọ̀ jù lọ ni kó dá sáàfù ẹlòmíràn padà. Ní àṣekágbá 2019, Roger Federer gbá éèsì 25, òun gbá 10. Federer ń sáàfù ní 8–7, 40–15 ní sẹ́ẹ̀tì karùn-ún: póìntì kan ló kù kó gba ife, àǹfààní méjì ló sì ní láti gbà á. Djokovic dá méjèèjì padà, ó sì gba ife. Ẹnìkan lè ní Federer fúnra rẹ̀ gbá éèsì 50 nígbà tó na Andy Roddick ní 2009. Bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ ẹ wo Roddick, ẹni tí sáàfù rẹ̀ le ju ti Federer lọ: ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n gba géèmù lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó ń sáàfù lọ́jọ́ náà, ìyẹn géèmù ìkẹyìn, ní 16–14. Àṣekágbá mẹ́ta ló gbá níbẹ̀. Kò rí ife kankan mú lọ.

Ibi tí sáàfù líle ti ń ṣọṣẹ́ ni ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Eléré 32 tí ipò wọn ga jù ni wọ́n máa ń fún ní nọ́ńbà, wọ́n sì ń pín wọn káàkiri kí wọ́n má bàa tètè pàdé ara wọn; olónọ́ńbà kan kò lè rí olónọ́ńbà mìíràn ṣáájú ìpele kẹta. Àwọn 96 tó kù ni kèké ń dà káàkiri bó ṣe wù ú. Ọ̀gá pátápátá lè bá ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ó sì lè bá òmìrán tó gbóná lọ́jọ́ yẹn. Hewitt tí mo yìn lẹ́ẹ̀kan ni ẹ̀rí. Ó padà wá ní 2003 gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ni ife, Ivo Karlovic tó ga ju mítà méjì lọ, tó wà ní ipò 203, lé e sílé ní ọjọ́ kìíní. Láti ìgbà tí Wimbledon ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kejì péré nìyẹn tí ọkùnrin tó ni ife ń ṣubú ní ìpele àkọ́kọ́.

Koríko tuntun tún ń ràn irú wọn lọ́wọ́. Ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ewé rẹ̀ ṣì tutù, ó ń yọ̀, ẹsẹ̀ kì í mú ilẹ̀ dáadáa. Ní 2021, ní ọjọ́ kan náà, lórí kóòtù kan náà, Adrian Mannarino yọ̀ ṣubú nígbà tó ń bá Federer gbá, Serena Williams náà yọ̀, ó sì fi omijé jáde. Ẹni tí ìgbésẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ohun ìjà rẹ̀ ni èyí ń pa lára. Ẹni tó dúró lójú kan tó ń yìnbọn kò ní ìṣòro.

Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó ń lé ọ̀gá sílé? Lukas Rosol lé Rafael Nadal ní 2012, ìpele tó tẹ̀ lé e lòun náà ti pa dà sílé. Sergiy Stakhovsky lé Federer ní 2013, ó ṣubú ní ọjọ́ tó tún jáde. Dustin Brown lé Nadal ní 2015, bákan náà ló rí. Karlovic ní tirẹ̀ kò kọjá àwọn mẹ́jọ tó gbẹ̀yìn títí ó fi kúrò nídìí eré.

Ẹ má sì jẹ́ kí nọ́ńbà tàn yín. Láti 2002 sí 2019, Wimbledon ń fi èsì orí koríko kún ìṣirò nọ́ńbà àwọn ọkùnrin. Wọ́n ti pa ìyẹn tì. Ipò lágbàáyé nìkan ni wọ́n ń wò báyìí, àwọn póìntì tí èèyàn kó jọ lórí amọ̀ àti sìmẹ́ńtì ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Alexander Zverev ni nọ́ńbà 3 ní 2025, sáàfù rẹ̀ sì le gan-an. Arthur Rinderknech nà án ní ìpele àkọ́kọ́. Ní ti àwọn obìnrin lọ́dún yẹn, Jessica Pegula na Iga Swiatek ní àṣekágbá orí koríko Bad Homburg, ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú Wimbledon. Pegula ṣubú ní ìpele àkọ́kọ́. Swiatek, tí gbogbo wa ní koríko kì í ṣe ilé rẹ̀, gba ife ní 6–0, 6–0.

Torí náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo máa ń ka àkọsílẹ̀ kèké báyìí. Lákọ̀ọ́kọ́, mo ń wá àwọn òmìrán tí kò ní nọ́ńbà, mo sì ń fi ààmì sí olónọ́ńbà tó bá bọ́ sí iwájú wọn. Lẹ́yìn náà, mo ń gbàgbé àwọn òmìrán náà pátápátá, mo ń béèrè ta ló ń dá sáàfù padà jù nínú àwọn tó kù. Ọ̀rẹ́ mi kan kò gbà. Géńdé kan ló ń mú ní gbogbo ọdún. Títí di ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, òun ló sábà máa ń lékè mi.