Ẹ Má Da Òróró Sínú Keyer

Lọ́sẹ̀ tó kọjá nìkan, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ló wá láti Under G, tí wọ́n gbé keyer, ẹ̀rọ kékeré tó ń bá oní-rédíò ṣe àmì Morse (àmì kúkúrú àti gígùn tó dúró fún lẹ́tà), wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Tákíé, Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹjọ́ kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rò: "Bàbá, ọ̀rọ̀ tí mo fi pamọ́ sínú ẹ̀rọ yìí kọ́ ló ń sọ jáde." Mo fi íápíìsì sétí, mo gbọ́ ọ. Bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ gan-an ló ṣe gbà á.

N kò ní í pẹ́ lórí bí a ṣe ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ó wà nínú ìwé tó bá ẹ̀rọ wá: ẹ ó di bọ́tìnnì mú títí yóò fi dún, ẹ ó fi paddle, ọwọ́ ìtẹ̀ tí ẹ fi ń ṣe àmì, tẹ ọ̀rọ̀ yín, ẹ ó tún tẹ bọ́tìnnì náà, ó parí. Àlàfo ni ẹ kò mọ̀, òun ni n ó sì sọ.

Àmì kúkúrú gba ìwọ̀n kan, gígùn gba mẹ́ta. Láàárín àmì sí àmì nínú lẹ́tà kan, ìdákẹ́ ìwọ̀n kan. Lẹ́tà sí lẹ́tà, mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, méje. Keyer á bá yín wọn kúkúrú, gígùn àti ìdákẹ́ inú lẹ́tà. Ìyókù dọwọ́ yín. Bí ẹ bá ń tẹ ọ̀rọ̀ 20 ní ìṣẹ́jú kan, tí a sì pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà 1000, ìwọ̀n kan kò ju 60 lọ. Ti lẹ́tà sí lẹ́tà jẹ́ 180, ti ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀ 420. Etí ló ń mọ ìyàtọ̀ wọn, àfi kí ẹ kọ́ ọ.

Ẹ wo ìpè tí gbogbo yín ń fi pamọ́: CQ, "ẹnikẹ́ni tó bá ń gbọ́ mi", DE, "láti ọ̀dọ̀", lẹ́yìn náà àmì ìdánimọ̀ yín, èyí tó fi 5N ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀. D jẹ́ gígùn kan, kúkúrú méjì. E jẹ́ kúkúrú kan ṣoṣo. Ẹ fi ìkánjú lẹ E mọ́ D, ó di gígùn kan, kúkúrú mẹ́ta: B ni ẹni tó ń gbọ́ yín ní Jámánì máa kọ sílẹ̀. Ẹ sinmi láàárín Q, ó di M àti A. Ṣé ẹ ti gbọ́ onídùndún tó ń ki Ṣọ̀ún rí? Ibi tí kọ̀ǹgọ́ rẹ̀ ti dákẹ́ wà lára ọ̀rọ̀ tó ń sọ.

Èyí tó ń bí mi nínú ni ti àwọn atúnfóònùṣe tó ń sọ fún àwọn ọmọ yìí pé iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ló jẹ ọ̀rọ̀ inú keyer, kí wọ́n ra bọ́ọ̀dù tuntun. Irọ́ ni! ATmega328, ṣíìpù tí wọ́n fi ń ṣe keyer Arduino, ní ibi ìpamọ́ 1024 báìtì tí iná lílọ kì í pa rẹ́, wọ́n sì ṣe é kó gba kíkọ nígbà 100,000. Ọdún 31 ni mo ti ń gbọ́ Morse. Kí ẹni tí kò lè tẹ orúkọ ara rẹ̀ má kọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Ti ọkùnrin kan láti Ọ̀yọ́ ló burú jù. Ó ní ìwé àṣẹ, ó ní rédíò tó dára. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ṣètò kí keyer máa tún ìpè rẹ̀ pè fúnra rẹ̀, kó máa dákẹ́ díẹ̀ láàárín ìpè kan sí èkejì. Torí kí èèyàn lè fetí sílẹ̀ bóyá ẹnìkan ń dáhùn ni àlàfo yẹn ṣe wà. Òun yí ohùn sílẹ̀, ó lọ jẹun, oorun gbé e lọ. Ìjì ti já wáyà áńtẹ́nà rẹ̀ lóde, kò mọ̀. Ní nǹkan bí aago méjì òru, ìyàwó rẹ̀ gbọ́ tí nǹkan ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́ nínú yàrá tí kò sí ẹnìkankan. Wọ́n ní ẹ̀mí àìrí ni. Ìfọwọ́kan paddle lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ń dá ọ̀pọ̀ keyer dúró. Òróró àdúrà ni wọ́n dà sí i.

Inú ọ̀rá ló gbé e wá. Mo fi sípíríìtì fọ bọ́ọ̀dù keyer, ó jí. Àmọ́ agbára tí kò rí áńtẹ́nà gbà jáde ti padà sun tirasísítọ̀ inú rédíò, owó wọn sì ju ti keyer lọ. Ọjọ́ tí mo tún un ṣe tán, n kò tètè gbé e fún un. Mo yọ wáyà keyer kúrò lára rédíò, mo ní kó tẹ ìpè rẹ̀ sílẹ̀ kí n gbọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo pa á rẹ́, B ni mo ń gbọ́. Nígbà karùn-ún, DE ló dún, mo bá gbé rédíò rẹ̀ fún un.